Agbára tàbí Ìdúróṣinṣin?



Ká ní owó díẹ̀ wọlé, ẹ sì fẹ́ tún ọkọ̀ Corolla yín ṣe. Ọ̀rẹ́ kan ní kí ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí èyí tó lágbára jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo táyà. Lára táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán, kó sì ti gbó. Ẹ tún wo ṣọ́ọ̀kì, torí bó bá ti kú, táyà kò ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ńṣe ni ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ.

Níbo gan-an la ti fẹ́ lo agbára ẹ́ńjìnnì yẹn? Nínú gosiló Ọjọ́ta ni? Ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Corolla lásán sì ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó yẹn.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó mi táyà méjèèjì. Bó bá ń ró kọ́ọ́-kọ́ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde títí wọn yóò fi rí ohun tó tú.