"KÙJỌ́KÙJỌ́" KÌ Í ṢE ORÚKỌ ÒBÍ

  

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn wa lónìí: "arúgbó kùjọ́kùjọ́." Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn ti tẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, ọ̀pá ló fi ń wá ọ̀nà. Bí àgbà fúnra rẹ̀ bá ní, "Èmi arúgbó kùjọ́kùjọ́ yìí, ẹ bá mi tọrọ àánú Ọlọ́run," kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ànábì Sakariyáù náà sọ fún Olúwa rẹ̀ pé egungun òun ti di aláìlágbára, orí òun sì ti kún fún ewú (Súrà Mọríyámù, ẹsẹ 4). Ṣùgbọ́n kí ọmọ wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, kó máa sọ fún èrò títí dé Ọ̀wẹ́nà pé òun ń lọ wo "kùjọ́kùjọ́ kan" ní Oǹdó, ìyá tó bí i ló sì ń pè bẹ́ẹ̀! Àwọn èrò á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kí nìyẹn?

Ẹlòmíràn á ní, "Ààfáà, ṣé irọ́ ni? Ṣé wọn ò gbó ni?" A ò sọ pé irọ́ ni. "Ṣíọ̀" tí Ọlọ́run kọ̀ fún wa nínú Súrà Isírá'ì, ẹsẹ 23, ṣé irọ́ wà nínú rẹ̀? Èémí lásán ni, kò tilẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ a ò gbọdọ̀ ṣe é sí òbí tó darúgbó sọ́dọ̀ wa.

Inú oṣù yìí gan-an ló máa ń burú jù. Ìyá kò lè gbààwẹ̀ mọ́, wọ́n ń mu ògì láàárọ̀, ọmọ ń kùn nítorí fídíyà: "Kùjọ́kùjọ́ yìí ló ń jẹun, èmi ni mò ń sanwó." Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ló yọ̀ǹda fún wọn nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 184, pé ká bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Anas bin Málíkì, tó sin Ànábì wa (kí ikẹ́ Ọlọ́run máa bá a) fún ọdún 10, nígbà tó darúgbó tí ààwẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, búrẹ́dì àti ẹran ló fi ń bọ́ aláìní. Ta ló tó pe Anas ní kùjọ́kùjọ́? Àìlera tí Ọlọ́run gbà ní àwáwí, àwa wá sọ ọ́ di èébú.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ẹ ní "ara wọn ti di ara àgbà." Ó tó. Èyí tí ẹ ti sọ kọjá, ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó ṣínu lálẹ́ yìí. Bí wọn ò bá gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ sún mọ́ wọn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí wọn létí.

Ìwọ̀n oúnjẹ fídíyà àti ẹni tó yẹ ká fún la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.