Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Ìtàn Òwò Ẹrú àti Ìdásílẹ̀ Àwọn Ẹrú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn olùkọ́ nígbà àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ yìí)



Iṣẹ́ tí a yàn fún wa lónìí ni láti sọ bí ó ti yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn òwò ẹrú. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ní 2009 ni a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ wọn, àti pé ní 2018 ni Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kàwé láàárín ọdún wọ̀nyí kò mọ̀ ju èyí lọ, pé òyìnbó ni ó kó wa lẹ́rú, àti pé òyìnbó kan tí ń jẹ́ Wilberforce ni ó dá wa sílẹ̀. Àwọn baba wa kò sí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀, ìbáà ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jà fún òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. (Òṣoògùn ni a bí i sí, kì í ṣe Òṣogbo, àwọn ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa a máa ṣì í gbọ́.) Nígbà tí ogun kó o ní 1821, kò ju ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú yín lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ó kó o fi í pààrọ̀ ẹṣin, àti pé nígbà tí ẹṣin náà kò wù ú mọ́, ó dá ẹṣin padà, ó sì tún gba ọmọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n léèrè pé, ọdún wo ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú? 1807 ni. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn òfin náà ni a mú Àjàyí, nítorí Brasil àti Cuba ṣì ń rà, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ń tú, tí àwọn tí ń tà fi pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí a kó o ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta, ní 1846.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà di tiwa gan-an. Lẹ́yìn ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn di alágbára, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní 1870 ó ṣẹ́gun Iléṣà, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà má sì ṣe rò pé kíkó nìkan ni a ń kó wa. Ògèdèǹgbé tí a ń bu ọlá fún, òun pàápàá kó ẹrú ní ìhà Èkìtì àti Àkókó kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn láti sọ èyí ní Iléṣà, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, àwọn ọmọ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọn yóò sì rò pé a purọ́ fún wọn.

Ẹ fi àwọn tí ó ti ṣe ẹrú rí hàn wọ́n pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ńlá. Philip Jose Meffre, Ìjẹ̀ṣà tí a tà sí Brasil, babaláwo ni kí ó tó di onígbàgbọ́ ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú Ìhìnrere wọ Iléṣà. Òun àti àwọn ará ilé mìíràn tí ó ti Sàró àti Brasil dé ni ó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì fi ìbọn ránṣẹ́ sí ojú ogun. Frederick Kumokun Haastrup, tí a kó lẹ́rú ní ọmọdé, ni ó jọba ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ́kọ̀ Kìíní. Nígbà tí ogun tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní ìgbèkùn ní Ìbàdàn di ẹrù wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé. Àwọn kan nínú wọn ti kọ́ ìgbàgbọ́ níbẹ̀. A rò pé kíláàsì kan ṣoṣo lórí ìpadàbọ̀ yìí níye lórí ju mẹ́wàá lórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn tí kò padà ńkọ́? Ní Matanzas, ní Cuba, àwọn Ìjẹ̀ṣà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1845 ní orúkọ ilẹ̀ wọn. Ní Bahia, ìlù kan wà tí a ń pè ní ìjẹ̀ṣà títí di òní. Òrìṣà ni wọ́n ń lu ìlù náà fún, a kò sì ní kí ìjọ tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí kò sì gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀, ó yẹ kí ọmọ ìlú náà mọ̀ ọ́n.

Ìjọ pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan ní ẹrú nínú ilé wọn. Nígbà tí CMS pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́, James Johnson, ọmọ àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Sàró, fi ọwọ́ líle mú àṣẹ náà ṣẹ ní Abẹ́òkúta. Ìjà dé, a sì mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó kù. Ẹ má ṣe fi ọmọ kankan ṣe eré ẹrú nínú kíláàsì, kí a má bàa fi ohun tí ó sọ arúgbó di aláìnílé ṣe ẹ̀rín. Ẹ má sì ṣe béèrè ní gbangba pé ilé ta ni ó ní ẹrú, tàbí ilé ta ni a rà. Ọmọ ẹrú àti ọmọ olówó ẹrú ń jókòó lórí àga kan náà nínú ìjọ yìí, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ara wọn. Bí ọmọ kan bá fi “ọmọ ẹrú” bú ẹnì kejì, ẹ dá ẹ̀kọ́ yòókù dúró. Ẹ kọ òwe àwọn baba wa sí ojú pátákó: Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Kí olúkúlùkù wọn kọ sínú ìwé rẹ̀ ohun tí ìyá Àjàyí ṣe láàárín 1821 sí 1846, bí ó ti rò ó sí.

Ẹ̀yin ìyá àti baba wa àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn wọ̀nyí lẹ́nu àwọn òbí yín, a bẹ̀ yín, ẹ wá sọ wọ́n fún àwọn olùkọ́ nígbà tí ohùn yín ṣì ń jáde. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí a dá orúkọ ilé, a ó gbà bẹ́ẹ̀.