Ògógóró àti Ohun Èlò Tí A Fi Ń Sè É

Bí adẹ́mu bá ti orí ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ní oko kan lẹ́bàá Ẹrúnmu, emu inú akèrègbè rẹ̀ a máa dùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kan. Èyí tí kò bá tà ti di òfò fún un. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní agbègbè ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ṣe gba iṣẹ́ ògógóró mọ́ra: bí ó ti wù kí ògógóró pẹ́ tó nínú ìgò, kì í kan.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Omi a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọtí gan-an a máa hó ní 78. Bí a bá gbé emu kíkan ka iná tí kò le jù, ọtí ni yóò pọ̀ jù nínú oru tí ó kọ́kọ́ jáde. Bí oru náà bá gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, yóò padà di olómi, yóò sì máa kán sínú ìgò. Ìkòkò onídèérí, páìpù àti ọpọ́n omi: ohun èlò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ yóò ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè tú wọn, kí ó fọ̀ wọ́n, kí ó sì yẹ inú páìpù wò bóyá ó dí. Páìpù tí ó bá dí léwu púpọ̀, nítorí oru ọtí a máa gbiná.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ sè é ní ilẹ̀ yìí ń tú u fún ìdí mìíràn. Àwọn ìjọba amúnisìn ti fohùn ṣọ̀kan ní Saint-Germain, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1919, pé a kò gbọdọ̀ sè irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. (Ẹni tí ó bá lówó ṣì lè mu jíìnì òkèèrè, owó ibodè rẹ̀ kò korò lẹ́nu ìjọba.) Nígbà tí ọjà wó káàkiri ayé lẹ́yìn ọdún 1929, tí owó jíìnì sì kọjá agbára mẹ̀kúnnù, ògógóró gbilẹ̀. Agolo epo àti páìpù bàbà ni wọ́n ń lò, nínú igbó, lójú ọ̀nà odò, níbi tí ọlọ́pàá kò ti tètè lè dé. Wọ́n ń tú u kí wọ́n lè sá. Ìmọ́tótó kọ́ ni wọ́n ń rò.

Ibẹ̀ ni àbùkù ti wọ̀ ọ́. Bàbà dára fún iṣẹ́ yìí. Òjé ni kò dára. Ẹni tí ó bá lo rédíétọ̀ mọ́tò àlòkù, tàbí páìpù tí a fi òjé lẹ̀, ń fi májèlé bọ́ oníbàárà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fara gbá èyí ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ń mu ọtí abẹ́lé.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, kò díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn ènìyàn fọ́jú lójijì, wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fi òfin de ògógóró. Bẹ́ẹ̀ sì ni emu tí a sè bí ó ti yẹ kì í ní methanol tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tí a bù là á ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Òfin tí ó lé asètí rere padà sínú igbó lè ṣe ẹni tí ń bu kẹ́míkà là á lóore, nítorí inú òkùnkùn ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti ń rọrùn.

Àwọn tí ń rà á a máa mi ìgò láti wo ìfófòó rẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣáná sí i. Bí ọtí náà ti le tó ni èyí ń fi hàn. Methanol náà a máa jó, iná rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú ní ọ̀sán gangan.