Kí Àdúgbò Jọ Ṣe Sólà

Àsọyé tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn kan ṣe níwájú àwọn onílé, àwọn ayálégbé àti àwọn oníṣòwò ní ìpàdé ìdàgbàsókè àdúgbò

Ọ̀rọ̀ tí ó kan àpò gbogbo wa ni ó kó wa jọ lónìí.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí iná ń ná wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí iye rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí à ń pè ní Band A, kúrò ní nǹkan bí 68 náírà fún ẹyọ iná kan, wọ́n bọ́ sí 225 náírà. Èyí tí ó tún burú ju owó lọ ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí à ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa odindi ará ilé kan lójú oorun.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá tọ sólà lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà sá lọ ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò. Lágbájá ra tirẹ̀ lọ́jà, Tàmẹ̀dù pe ọmọ ìyá rẹ̀ kí ó wá so ó, ẹnìkẹta sì tọ ẹni tí ó polówó fún un lórí fóònù. Ilé 10 ní òpópó kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ní oríṣi bátìrì 10 àti oníṣẹ́ 10. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, a kì í rí ẹni kan tí yóò dáhùn. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: kí kálukú ní sólà tirẹ̀ lórí ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí á jọ wádìí, kí á jọ rà, kí á sì jọ ṣọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ṣe àáró mọ èyí dáadáa. Oko olóko ni wọ́n ń ro lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ọwọ́ gbogbo wọn ni ó ń ro ó.

Àwọn ará òkèèrè pàápàá ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 2009, àwọn aládùúgbò ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, para pọ̀, wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa sólà, wọ́n sì fi ìdíje yan oníṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ilé 130 ti gba sólà. Owó dínkù nítorí pé oníṣẹ́ náà kò ní láti máa wá oníbàárà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe ṣi èyí mú fún irú ti Gbamu-Gbamu ní Ìjẹ̀bú-East, níbi tí a ti ṣí sólà àjùmọ̀lò ní ọdún 2018, tí a sì fi wáyà pín iná rẹ̀ fún ìlú. Iná títà ni ìyẹn, ó sì ní òfin tirẹ̀. Tiwa ni kí onílé ṣe iná tí òun fúnra rẹ̀ yóò lò.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ohun kìn-ín-ní ni ìṣirò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé kan tí ó ń tan gílóòbù 6 oníwáàtì 9 fún wákàtí 5, fáànù 2 oníwáàtì 60 fún wákàtí 8, àti tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí 4. Èyí jẹ́ 270, 960 àti 320. Àpapọ̀ rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ 1,550. Ní ìgbà òjò, kí á má ṣe ka oòrùn tí ó múná ju wákàtí 3 àti ààbọ̀ lọ. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 600 yóò mú 2,100 wá; bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún èyí tí ń ṣòfò nínú ooru, wáyà àti ínfátà, ó ku 1,575. Ó tó, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá wá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, èyí tí ó lè fa wáàtì 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má ṣe sọ pé sólà kò dára. Ìṣirò ni kò ṣe.

Bátìrì náà ń fẹ́ ìṣirò. Bátìrì olójé kò fẹ́ kí á lò ju ìlàjì agbára rẹ̀ lọ kí á tó tún un gbà. Ti lítíọ́mù lè fara da nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nítorí náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré lọ́jà lè wọ́n jù lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ohun kejì ni òrùlé. Gúúsù ni ó yẹ kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí ní ilẹ̀ wa, kí ó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Òjìji díẹ̀ péré lára páńẹ́ẹ̀lì kan lè fa agbára àwọn tí a so pọ̀ mọ́ ọn wálẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sọ ọ́ nísinsìnyí, kí aládùúgbò rẹ̀ má baà náwó sínú òjìji.

Ohun kẹta ni owó, níbi tí àjọṣe ti máa ń dà rú. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí owó wọ àkáǹtì báńkì tí ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ìbátan ń fọwọ́ sí. Kí á má ṣe san gbogbo owó fún oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó gba apá kan nígbà tí ẹrù bá dé tí a sì ti kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, apá kejì nígbà tí iná bá tàn, èyí tí ó kù lẹ́yìn oṣù kan tí ohun gbogbo ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà, kí á ṣẹ́ gègé níwájú gbogbo ènìyàn, kí á má ṣe wo ojú olówó.

Ohun kẹrin ni ọ̀rọ̀ ayálégbé. Òun ni ó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òrùlé kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá fi owó ara rẹ̀ ṣe sólà, tí onílé sì ní kí ó kó jáde, ta ni yóò ni páńẹ́ẹ̀lì? Kí á kọ èyí sínú ìwé kí a tó lu ihò kan sórí páànù: ohun tí ayálégbé lè kó lọ, ohun tí onílé yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe bí ó bá ń jò. Ìwé tí a kọ nígbà ìrẹ́pọ̀ ni ó ń pa ìjà ọ̀la.

Ohun karùn-ún ni ààbò, èyí tí kò gba ìdúnàádúrà. Súìṣì tí ó ń ya iná ínfátà sọ́tọ̀ kúrò lára iná òpó gbọ́dọ̀ wà ní ilé gbogbo. Bí kò bá sí, iná tiwa lè padà sórí wáyà òpó kí ó sì pa òṣìṣẹ́ tí ń tún un ṣe. Kí á má ṣe gbé bátìrì sí yàrá ìsùn tàbí sí ojú ọ̀nà tí a ó gbà sá jáde. Kí á ri wáyà ààbò mọ́ ilẹ̀ nítorí mànàmáná ojú ọ̀run.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní kí ẹ dáwó lónìí. Ẹ yan ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún, kí ayálégbé méjì ó kéré tán wà nínú wọn, kí obìnrin sì wà níbẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìṣirò iná rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ọmọ ilé ìwé bá a kọ ọ́. Nígbà náà ni a ó tó mọ iye tí ẹrù wa wúwo, àti ọwọ́ mélòó ni yóò gbé e. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.