Ìlú Ta Ni Mọ́remí Ń Gbà Là?

Ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé ni a bá wá sọ́dọ̀ yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé eré kò kan ẹni tí ń roko, nítorí ọ̀ràn oko gan-an ni eré yìí dá lé.

Mórountódùn ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni ó kọ ọ́, a sì kọ́kọ́ ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1979. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ọ̀hún: owó orí ga, owó kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko bàjẹ́, wolé-wolé àti akódà kò sì jẹ́ kí àgbẹ̀ sinmi. Àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Kí ìjọba tó gbà ní 1969 pé kí owó orí di pọ́n-ùn méjì, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn.

Nínú eré náà, Títúbí jẹ́ ọmọ olówó. Kò mọ oko, kò mọ ebi. Ọlọ̀tẹ̀ lásán ni àgbẹ̀ lójú rẹ̀. Ó bá ọlọ́pàá mulẹ̀ pé òun yóò ṣe bí Mọ́remí: kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú òun lọ, kí òun lè mọ àṣírí wọn. Wọ́n mú un lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wọn gbé, tí ó gbọ́ ẹjọ́ wọn lẹ́nu wọn, ojú rẹ̀ là. Ó kọ iṣẹ́ amí sílẹ̀, ó sì dúró ti àgbẹ̀.

Mọ́remí gba Ifẹ̀ là. A kò bu ọlá rẹ̀ kù. Ìbéèrè tí eré náà bi wá ni èyí: ìlú tí a fẹ́ gbà là, ti ta ni? Bí ẹni tí ń bọ́ ìlú bá ń sùn lébi, ààbò ìlú di ààbò àká olówó.

Ẹ kíyè sí i pé Títúbí kò fi owó ta àgbẹ̀ lọ́rẹ kí ó sì padà sílé. Ó kúrò níbi tí ó dúró sí. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún àwa tí a mọ̀wé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, owó kòkó àti owó orí àgbẹ̀ wà nínú ohun tí a fi gbé e ró. Ọmọ tí ó ti ibẹ̀ di ọ̀gá, gbèsè ni ó jẹ; àánú kọ́ ni àgbẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro kan kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ eré náà. Títúbí ti dé oko, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì wà ní ìgboro. Nítorí náà, a bẹ gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: ẹ kà á, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá ní ìpàdé yín, kí àwọn tí ó ni ìtàn lè gbọ́ ọ, kí wọ́n sì dá a lẹ́jọ́.