Ìpàdé Ojúkojú àti Ìpàdé Orí Fóònù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

  

Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó ní kí á wá sọ èrò wọn lórí àbá tí ó wà níwájú ìpàdé yìí. Àbá náà wí pé láti ọdún tí ń bọ̀ lọ, kí á má ṣe pe ìpàdé ọdún sí ilé mọ́, kí á máa ṣe é lórí fóònù, kí olúkúlùkù jókòó sí ibi tí ó bá wà, kí á sì máa dìbò lórí WhatsApp nípa ohun gbogbo tí Ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe. Kí á tó sọ ohun tí àwa rò, ó tọ́ kí á kọ́kọ́ wí pé àwọn tí ó mú àbá yìí wá kì í ṣe ọ̀tá ìlú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìnáwó ọ̀nà ti pọ̀ jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni lítà epo kan kúrò ní nǹkan bí 185 náírà tí ó di nǹkan bí 500. Owó ọkọ̀ sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé tún wà lójú ọ̀nà. Kò sí ìyá tí yóò gbọ́ pé ọmọ òun ṣì wà nínú ọkọ̀ ní àṣálẹ́ tí oorun yóò kùn ún. Bí a bá ń bá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wí bí ẹni pé wọn kò fẹ́ràn ilé, a ṣì wọ́n wí.

Àwa pẹ̀lú kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, àrokò ni ẹni tí ó wà lókèèrè fi ń ránṣẹ́. Bí ó bá so owó ẹyọ méjì pọ̀, tí ó dojú wọn kọ ara wọn, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé olùránṣẹ́ ń fẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti di ìjà nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ mẹ́fà, ẹfà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn ẹni náà fà sí ọ. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e rìn, ẹni tí a sì rán, a lè fún un ní omi mu, kí á sì bi í léèrè bí ojú ẹni tí ó rán an ti rí.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Òṣogbo ni àwọn ènìyàn wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a ru ẹrù wọn lé orí, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì bọ̀lẹ̀kájà dé, tí gbogbo wa mọ ìjókòó pákó rẹ̀ tàbí tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí wa. Àwọn tí ó lọ ṣòwò ní Gold Coast ń kọ lẹ́tà sílé. Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn, àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹlòmíràn ti wọ ilé kí lẹ́tà tí ó fi sọ pé òun ń bọ̀ tó dé.

Ní ti tẹlifóònù, ìlú wa kò ní ẹyọ kan ṣoṣo títí ayé fi di ọdún 2001. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, yóò tò, yóò sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú. Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ìbá à ṣe pé “báwo ni” nìkan ni o sọ, ìṣẹ́jú kan náà ni wọn yóò kà sí ọ lọ́rùn. Ìgbà tí ó di ọdún 2003 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìlú wa níhìn-ín, ẹ ó rántí pé orí àpáta ni a kọ́kọ́ ń gùn lọ kí nẹ́tíwọ̀kì tó lè rí wa. Ẹni tí kò bá lè gun àpáta kò ní fóònù, bí ó tilẹ̀ ní in lápò.

Ṣé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni yóò dìde lónìí tí yóò sọ pé fóònù kò dára? Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé tí ìjọba ti ọ̀nà tí ó wọ ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, orí fóònù ni Ẹgbẹ́ yìí gbé fún oṣù púpọ̀, kò sì túká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà tí owó wọ́n bí ojú, tí àwọn onípọ́ọ̀sì ń fi owó ta owó, tránsífà tí ó bá rí ọ̀nà kọjá ni a fi ń ran àwọn òbí wa lọ́wọ́. Àìsàn kan sì kọlu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé gíga, owó iṣẹ́ abẹ sì pọ̀. Alẹ́ ni a gbọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ owó ti pé. Ọmọ náà jókòó láàárín yín báyìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ fóònù.

Ohun tí àwa ń bi ara wa léèrè ni èyí: ta ni ó lè fèsì?

Nígbà tí Rediffusion dé Èkó ní ọdún 1935, tí a ń so àpótí rẹ̀ mọ́ ògiri ilé, àwọn àgbà wo ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, wọ́n sì sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà kò bu ẹ̀rọ náà kù, àpèjúwe ni. Àwa ò rò pé WhatsApp jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì fún ẹni tí ó ní i lọ́wọ́, nítorí àwa fúnra wa ń fèsì níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ orí fóònù wa. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹnì kan tí ó ń gbé ìlú yìí. Àwa tí a wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ni a pọ̀ níbẹ̀. Fún ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ, fún bàbá tí ó ń roko, Ẹgbẹ́ wa ti di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Àwọn kan ní kí á ra fóònù fún àwọn àgbà. A ti rà á fún díẹ̀. Ọmọ-ọmọ ni ó ń bá wọn kà á, ọmọ náà a sì máa ka èyí tí ó wù ú.

Ìpalára èyí kì í ṣe àròsọ. Ẹ má jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ìjòyè wa kan ṣe, tí a gbé ìròyìn ikú rẹ̀ káàkiri orí fóònù, tí a sì ti ń dá owó ìsìnkú, nígbà tí bàbá ń jẹ iyán ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè pé èló ni a ti dá. Ọ̀rọ̀ kànga ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ẹgbẹ́ wa ní owó tí ó tó láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga kan fún ìlú. Ẹnì kan gbé àwòrán ibi méjì sórí WhatsApp: iwájú gbọ̀ngàn ìlú àti ẹ̀yìn ọjà. Láàárín ọjọ́ méjì a ti dìbò tán. Iwájú gbọ̀ngàn ni ó wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ó dára jù lójú àwòrán, àlejò tí ó bá sì wọ ìlú yóò rí i. Ẹ̀ka Ìbàdàn dìbò fún un. Kò sí ẹni tí yóò ti orí wa gbé ẹ̀bi náà sórí ẹlòmíràn. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n mọ òpó, wọ́n gbé táǹkì lé e. Omi jáde ní ìgbà òjò, a ya àwòrán, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, omi tán. Títí di òní, ewúrẹ́ ni ó ń sùn sí abẹ́ òjìji táǹkì náà.

Nígbà tí a wálé wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà kan tí ó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ibẹ̀ pè wá. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn bàbá yín gbẹ́ ibí yìí lójú mi, òkúta ni wọ́n bá. Lọ́wọ́ ta ni ẹ ti béèrè?” A kò rí èsì fún un. Gbogbo ìmọ̀ tí ó lè gba owó Ẹgbẹ́ là wà ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ogún sí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìmọ̀ náà kò sí lórí ẹ̀rọ tí a fi pinnu.

Bí ó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn yìí ni a ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ìyá yìí lè má dìde sọ̀rọ̀, nítorí ojú àwọn ìjòyè. Ṣùgbọ́n yóò mi orí, ẹnì kan yóò sì rí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó dákẹ́ níwájú wa, a lè mọ̀ bí ó gbà tàbí inú ń bí i. Ẹni tí ó dákẹ́ lórí fóònù, a kà á mọ́ àwọn tí ó fara mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò sì ṣe é fi gbogbo ara tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá tí ó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan, ìdààmú sì bá àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù láti ibẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka Ìbàdàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí á má fọwọ́ sí àbá yìí bí a ti kọ ọ́. Kí fóònù máa kéde, kí ó máa gba owó ẹgbẹ́, kí akápò sì máa gbé ìṣirò síbẹ̀ lóṣooṣù kí gbogbo ojú rí i. Ní ti èyí, àwọn ọ̀dọ́ wa sàn ju ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kan ilẹ̀ ìlú, omi ìlú àti owó tí a ó ná sórí wọn, kí ó má ṣe di ìpinnu títí a ó fi sọ ọ́ nílé níṣojú àwọn tí yóò máa bá a gbé. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun kò lè wọkọ̀ wá. Kí á fi fóònù àti gbohùngbohùn so wọ́n mọ́ gbọ̀ngàn yìí, kí wọ́n gbọ́ wa kí á gbọ́ wọn, kí á sì ka ìbò wọn mọ́ tiwa lójú kan náà.

Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń ti Èkó wá sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 157. (Èyí tí ó gbé àwọn baba ńlá wa dé Òṣogbo ní 1907 kò dúró ní Ìbàdàn bí tuntun yìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Kí àwọn ará Èkó bá a dé Mọ́níyà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ka wa ti gbà láti san owó bọ́ọ̀sì kan tí yóò gbéra ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí gbogbo wa lè wọ̀lú kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ọ̀sán ọ̀la ni a ó dìbò lórí àbá náà. Kí á tó dì í, Ìyálọ́jà ti gbà láti mú wa lọ wo ibi mẹ́ta tí àwọn obìnrin ọjà sọ pé omi kì í tán níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Agogo méje òwúrọ̀ ni, níwájú gbọ̀ngàn, lábẹ́ táǹkì. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú àbàtà, nítorí náà ẹ wọ bàtà tí ó lè tẹ ẹrẹ̀.