Ohùn Inú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa, àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Pẹ̀lú Owó Kékeré

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)

Nígbà tí akọ̀wé fi ìwé ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀ ojú omi ẹgbẹ́, ẹnu yà wá díẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ju orin lọ tí a lè bá àwọn ènìyàn pàtàkì báyìí sọ ni? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ̀ láti ibi eré ìdárayá ní Ìkòròdú yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú olùkọ́ méjì àti atukọ̀. Àwọn ọmọ ti gba ife-ẹ̀yẹ, inú wọn sì dùn gidigidi. Láti ọ̀sán ni orin ti ń dún kíkan kíkan ní èbúté nígbà tí a ń dúró de àwọn tí ó kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí a fẹ́ lọ, agídí ni ẹ́ńjìnì fi gbà. A kò kà á sí. Kò pẹ́ tí a kúrò ní èbúté ni koríko orí omi lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀, atukọ̀ sì pa á kí ó lè yọ koríko náà kúrò. Nígbà tí ó tún fẹ́ ṣí i, kò gbọ́ ohun mìíràn bí kò ṣe tíkí, tíkí, tíkí. Ó fa okùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ilẹ̀ ń ṣú, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wa lọ síhà ibi tí àwọn apẹja ri òpó igi mọ́lẹ̀ sí. Apẹja kan tí ń padà sílé ni ó so okùn mọ́ ọkọ̀ wa tí ó sì fà wá dé èbúté. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ẹgbẹ́ mọ́, àwa kò sì lè bá a wí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ìmọ̀ wa pín sí méjì. Àwọn àgbà ní kí a tú ẹ̀rọ orin kúrò pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, pé ẹ̀rọ náà ti gbó ni, kí a ra tuntun, irú èyí tí a kọ 1,000 wáàtì sí lára páálí rẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwa kò sí lẹ́yìn apá kankan nínú méjèèjì. Bí a bá tú u kúrò, kí ni atukọ̀ yóò fi pàṣẹ fún èrò tí ó wà níwájú pátápátá pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù ìdóòlà-ẹ̀mí? Ariwo ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ènìyàn lásán. Bí a bá sì ra olówó ńlá mọ́ bátìrì àti wáyà tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò tún ṣẹlẹ̀, kódà yóò tètè ṣẹlẹ̀ jù ti ìṣáájú lọ. Ibi tí ojú kò rí ni ó yẹ kí owó wa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Iṣẹ́ méjì ni a dì ru bátìrì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ wa: òun ni ó ń jí ẹ́ńjìnì, òun náà ni ó sì ń bọ́ orin. Bátìrì tí a ṣe láti jí ẹ́ńjìnì dà bí ẹni tí ń sáré ọgọ́rùn-ún mítà. Agbára rẹ̀ a máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò lè rin ìrìn àjò ọjọ́ kan. Bí a bá ń fà á gbẹ léraléra, àwọn awo òjé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ kíákíá. Èyí tí ó yẹ orin ni bátìrì tí a ṣe fún iṣẹ́ pípẹ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ ínfátà nínú ilé wọn. Òun náà ní òté tirẹ̀: kò dára kí a lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí a tó tún fi iná kún un. Bí a bá ra èyí tí a kọ 75 Ah sí lára, ìdajì rẹ̀ lé díẹ̀ ní 37. Bí ẹ̀rọ orin wa bá ń mu 5 áńpù, yóò bá wa dé wákàtí méje. Ìrìn wa ní àlọ àti àbọ̀ kò tó ìdajì ìyẹn.

Láàárín bátìrì méjèèjì ni a ó fi súìṣì sí, kí orin má baà lè mu nínú èyí tí ó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì. Oríṣi méjì ni ó wà lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí atukọ̀ ń fi ọwọ́ yí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí atukọ̀ bá gbàgbé láti yí i, a padà sí àárín ọ̀sà nìyẹn. Èkejì ń dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí agbára iná sì gòkè tó nǹkan bí 13.3 fólùtì, yóò so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ jẹun. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú tí agbára náà sì rẹlẹ̀, yóò já wọn. Àwa ti kọ́ ọmọ ilé-ìwé fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, a sì mọ bí ènìyàn ti ń gbàgbé tó. Ẹ jẹ́ kí a ra èkejì. Kí a sì ra ẹ̀rọ ìwọn-fólùtì kékeré kan sí iwájú atukọ̀. Bí a bá ti pa ohun gbogbo tí bátìrì sì ti sinmi, 12.6 ni yóò fi hàn bí ó bá kún. Bí ó bá di 12.2, ìdajì ti lọ, kí orin dákẹ́.

Ó kan wáyà. Àwọn tí ó dàgbà jù wá lọ a máa sọ ìtàn àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó wọ Èkó ní ọdún 1935, tí ohùn ń gba inú wáyà wọ ilé àwọn tí ó sanwó. Bí wáyà bá já, àpótí a di àpótí lásán. Ohùn kò tíì kúrò lábẹ́ wáyà títí di òní. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ wa nísinsìnyí ni wáyà 2.5 tí à ń fà sínú ògiri ilé. Ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo ni ó wà nínú irú rẹ̀ tí a lò, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì yóò sì ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan. Láti ibi bátìrì dé ibi áńpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, jẹ́ mítà 6. Iná ń lọ, ó sì níláti padà, nítorí náà mítà 12 ni. Bí áńpílífáyà bá fa 15 áńpù gba inú wáyà náà, bí bátìrì bá tilẹ̀ fi 12.6 fólùtì ránṣẹ́, nǹkan bí 11.3 péré ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyókù ti di ooru lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí orin wa fi ń ha bí a bá gbé ohùn sókè, tí gbogbo wa ń sọ pé sípíkà ni ó bàjẹ́. Wáyà 10 yóò gbé nǹkan bí 12.3 dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan tún wà tí kò ná wa ní nǹkankan. Ẹ jẹ́ kí a gbé áńpílífáyà kúrò níwájú lọ sí ẹ̀yìn, nítòsí bátìrì, níbi tí ó bá gbẹ. Wáyà tí ó nípọn, tí ó sì wọ́n, yóò kúrú. Wáyà sípíkà ni yóò gùn, iná tí ń gba inú èyí kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oníwáyà tí ó ṣe ti ìṣáájú fún wa kò ro èyí, tàbí bóyá ó rò ó, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ta wáyà.

Fíúsì kò sí nínú ọkọ̀ náà rárá. A wá a, a kò rí i. Ó yẹ kí ọ̀kan wà lórí wáyà tí ó ti orí bátìrì jáde, kí ó má sì jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Kì í ṣe áńpílífáyà ni fíúsì yìí ń dáàbò bò, wáyà ni. Bí wáyà bá ń fi ara ha igi ọkọ̀ títí awọ rẹ̀ fi bó, tí ó sì kan èkejì, yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ẹ rántí pé èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó sì ń lọ sùn sí. Fíúsì jẹ́ ohun tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan.

Nígbà tí a bá ti ṣe ìwọ̀nyí ni kí a tó sọ̀rọ̀ sípíkà. 1,000 wáàtì tí ó wà lára páálí nnì, agbára ìṣẹ́jú akàn ni. Iye tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn lẹ́tà RMS ni kí a wò, ó sì lè jẹ́ pé kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Iye mìíràn tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ, tí àwọn oníṣòwò kì í sábà dárúkọ. Èyí ni iye dẹsíbẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n ariwo, tí sípíkà ń mú jáde bí a bá fi wáàtì 1 bọ́ ọ tí a sì dúró ní mítà 1 síwájú rẹ̀. Sípíkà tí a kọ 90 sí lára yóò fi 50 wáàtì ṣe iṣẹ́ tí èyí tí a kọ 87 sí lára fi 100 wáàtì ṣe. Ẹni tí ó bá ra sípíkà tí ń jẹun díẹ̀ ti ra ìdajì bátìrì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni etí wa kì í gbọ́ ìlọ́po méjì nígbà tí wáàtì bá di ìlọ́po méjì. Díẹ̀ ni ohùn fi ń gòkè. Kí ó tó dún bí ìlọ́po méjì, wáàtì níláti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹnìkan bi wá pé èéṣe tí sípíkà mọ́tò rẹ̀, tí ń mi ilẹ̀ tìtì nílé, fi dún bí ohùn ẹ̀fọn nígbà tí ó gbé e wọ inú ọkọ̀. Nínú mọ́tò, òrùlé àti gíláàsì kó ohùn jọ. Lórí omi, kò sí ohun tí yóò dá a padà. Èkejì, sípíkà ń mí síwájú, ó sì ń mí sẹ́yìn. Bí kò bá sí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, èémí méjèèjì yóò pa ara wọn, ohùn ìlù ńlá ni ó sì kọ́kọ́ ń kú. Àpótí pákó tí a kùn lọ́dà dáadáa tó. Kí a sì ṣọ́ra kí a má so wáyà ọ̀kan ní òdì sí èkejì, nítorí ibi tí ọ̀kan ti ń tì ni èkejì yóò ti máa fà. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, kí ẹ fi orí rẹ̀ kan ẹnu sípíkà tí a fi àmì ìròpọ̀ sí, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan ẹnu kejì fún ìṣẹ́jú àáyá kan: bí awọ sípíkà bá yọ síta, ó tọ̀nà, bí ó bá wọlé, ẹ yí i padà. A ti ṣe é fún kíláàsì wa rí, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìṣirò lọ. Irin òòfà wà nínú gbogbo sípíkà, nítorí náà kí ó jìnnà tó mítà 1 sí kọ́ńpáàsì atukọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé omi tiwa kò níyọ̀, pé sípíkà mọ́tò lásán yóò tọ́ níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé omi ìhà Ẹ̀pẹ́ dùn ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa ń dé Èkó, àti pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa wọ inú ọ̀sà níbẹ̀. Iyọ̀ a máa jẹ bàbà títí yóò fi di ewé. Nítorí náà wáyà bàbà tí a fi tánganran bò tínrín ni kí a rà bí owó bá tó. Sípíkà tí awọ rẹ̀ jẹ́ pépà yóò rà. Èyí tí ó jẹ́ ike tí etí rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà ni kí a wá. Bí a bá rí IPX5 lára rẹ̀, ó lè gba omi tí a tú sí i. IPX7 lè wà lábẹ́ omi mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wa bá dé ìsàlẹ̀ omi, kì í ṣe sípíkà ni a ó máa wá.

Rédíò tí ó wà níbẹ̀ kò bàjẹ́. Kí a tọ́jú rẹ̀. Fóònù atukọ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth, àlàfo fún máíkì sì wà lára áńpílífáyà àtijọ́ náà. Bátìrì kejì, súìṣì, wáyà àti fíúsì ni ọdún yìí. Sípíkà méjì péré, kì í ṣe mẹ́fà, bí owó bá ṣẹ́kù. Áńpílífáyà tuntun lè dúró de ìpàdé ọdún tí ń bọ̀.

Káfíńtà ẹgbẹ́ ti gbà láti kan àpótí méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá fún un ní pákó. Bí ìpàdé yìí bá fi ọwọ́ sí owó náà lónìí, a ó wà ní èbúté ní Àbámẹ́ta kejì oṣù tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Kí ẹni tí ó ní ọ̀bẹ wáyà mú un wá. A ti lọ sí ilé ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wo bí a ó ti ṣe é. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni òun yóò dúró sí.